Àlùmọ́gàjí Tó Kọ́kọ́ Kan Irun Satu

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Ṣẹẹrẹ

Ìwé ìṣirò Wilma ni mo gbà. Iwájú jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀yìn jẹ́ tèmi. Wọ́n rò pé lẹ́tà ni mò ń kọ sí àbúrò mi ní Oruro. Kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Òjò láti àárọ̀. Ọmọ márùn-ún nínú yàrá kan, ajá méjì, àti ọmọ àgùntàn kan tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Ẹ gbà mí! Wilma, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá — Ìyá Kékeré ni mo ń pè é níbí — ń pàṣẹ fún gbogbo ilé, kò yọ èmi tí mo bí i sílẹ̀. Rubén ń tún rédíò ṣe. Ìwọ̀nba ohùn tó ń jáde nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ti dákẹ́. Néstor, Ọ̀gbẹ́ni Ebi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin bóyá oúnjẹ ti jinná, bẹ́ẹ̀ omi kò tíì hó. Lali wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, Satu lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka tú irun ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Lali. Bí mo bá gbọ́ gbólóhùn márùn-ún lẹ́nu rẹ̀ lójúmọ́, mo ti jèrè.

Irun Satu, ọmọkùnrin mi tó kéré jù, ti dé ìdí báyìí. Yóò pé ọdún mẹ́rin lóṣù Igbe, àlùmọ́gàjí kò tíì kàn án rí. Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà ń kí i pé, "Ọmọge, báwo ni?" Òun náà ń dá wọn lóhùn!

Baba wọn ti ìdí fóònù dé ní ìrọ̀lẹ́, òjò ti pa á dé egungun. Ó ní Don Hipólito ti gbà. Òun ni yóò gé irun Satu lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun Kàníválì. Ó sì gba ìyókù náà.

Ìyókù yẹn — ó dọ̀la.

Ọjọ́ Ajé, 29

Kí n kọ ọ́, kó kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ̀gbọ́n ni Don Hipólito jẹ́ sí ọkọ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní ilé alátẹ̀gùn ní El Alto, ó ní ìyàwó tó ń jẹ́ Benita. Ọmọ ni wọn kò ní. Ọdún méjìdínlógún. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí kan irun ọmọ ti di òbí rẹ̀ kejì, bàbá-irun tàbí ìyá-irun rẹ̀, títí ayé. Ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní ẹran ọ̀sìn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé. Don Hipólito ní ti òun kò ní mọ sórí ẹran. Bí Kàníválì bá ti parí, òun yóò mú Satu lọ sílé òun pátápátá. Á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, á máa jẹ búrẹ́dì láràárọ̀, á lọ síléèwé tí fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì.

Mo ní ó dára. Baba wọn ní ó dára. Lẹ́yìn náà kálukú wa ń wo ibòmíràn.

Yìnyín ló mú kó dára. Lọ́dún tó kọjá, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lu gbogbo ewé ànàmọ́ wa mọ́lẹ̀. Ànàmọ́ gbígbẹ àtijọ́ la jẹ títí ó fi tán. Màlúù wa lọ. Wilma jókòó sílé fún odindi sáà kan. Mo mọ gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó nílò àtiṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan nínú márùn-ún yóò yó láìbẹ ojú ọ̀run, kí ni ìyá tún ń fẹ́?

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Èrèlé

Yìnyín kò wá. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3

Mo rẹ́rìn-ín lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà.

Lọ́sàn-án ni ìkùukùu yọ lẹ́yìn òkè, ìyẹn tí etí rẹ̀ funfun, tí inú rẹ̀ dúdú. Gbogbo abúlé sáré lọ sóko. Àwọn ọkùnrin ń yin báńgà sójú ọ̀run, àwa obìnrin ń lu agolo, à ń bú yìnyín bí ẹni ń bú olè. Awicha, ìyá ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, jókòó lórí àpáta, ó ń fi ọ̀pá na afẹ́fẹ́: "Kọjá lọ, aláìnítìjú! Kí lo gbìn síbí tí o fẹ́ wá ká?" Ìkòkò ni Néstor ń lù. Nígbà tó yá a ò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ó ti rí ọkà kínúwà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ọ̀hún, ó ń ha á jẹ. Ayé lè parí, kí ikùn Néstor ṣáà kún.

Yìnyín yà sí apá odò. Òdòdó ànàmọ́ wa ṣì dúró.

Nígbà tí à ń kó àgùntàn bọ̀, Satu wà nínú ọ̀já lẹ́yìn Lali, ó ń dárúkọ òwú etí wọn. Olúkúlùkù wa ló ní àwọ̀ òwú tí a fi ń sàmì sí etí ẹran rẹ̀. Tèmi pupa. Ti Baba wọn aláró. Ti Wilma àwọ̀ ewé, ti Rubén funfun, ti Néstor àwọ̀ ọsàn. Ìyeyè ni ti Lali, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ní: abo kan tó ń jẹ́ Qinaya. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kó àwọn yòókù. Satu béèrè pé, "Tèmi dà?" Lali sọ fún un pé wọn ò tíì gé irun rẹ̀, ẹni tí wọn ò tíì gé irun rẹ̀ kì í ní nǹkan. Ó ní, "Tí wọ́n bá wá gé e ńkọ́?" Lali gbé e sókè dáadáa lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 7

Mo fi okùn wọn ẹsẹ̀ Satu. Benita ló ránṣẹ́ pé kí n fi okùn náà rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kóun lè mọ bàtà tóun yóò rà. Ẹsẹ̀ kúkúrú, ó fẹ̀, ẹrẹ̀ ní gbogbo àárín ìka. Ó ń sọ pé okùn ń yún òun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lali ti iléèwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá, bàtà ibo nìyẹn?"

Mo ní kó lọ pọnmi. Omi kún garawa dẹ́nu. Ó rí i pé ó kún. Ó gbé e jáde, ó dà á nù, ó sì lọ pọn òmíràn.

Ọjọ́ Ajé, 12



Mo ti ibi ìkọbè bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ kan ń sáré bọ̀ wá pàdé mi. Mo rò pé ọmọ aládùúgbò ni. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ — Satu ni! Orí rẹ̀ rí bí ànàmọ́ tí afọ́jú bó. Ibì kan fá, ibì kan hù, etí méjèèjì yọ síta. Ó ń yọ̀. Ó ní, "Màmá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lórí."

Lali jókòó sídìí ògiri ọgbà àgùntàn. Àlùmọ́gàjí tí a fi ń rẹ́ irun àgùntàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti nù ún mọ́. Ó di irun náà sínú aṣọ, ó so ó ní kókó méjì. Ó ní èèmọ́ ló lẹ̀ mọ́ irun àbúrò òun, ó ń ké, òun kò rí i tú. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀?" Ó ní gbogbo rẹ̀.

Mo gbá a létí. N kì í gbá ọmọ létí. Mo tún sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní, "O ti ba ayé àbúrò rẹ jẹ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bi ọ́ léèrè." Ẹyin ni ohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Kò sunkún. Satu ló sunkún.

Ìdì irun kan ṣoṣo ló kù, lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó gùn tó ìka mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ìpàdé ìdílé. Èmi, Baba wọn, Awicha. A lé àwọn ọmọ síta. Gbogbo wọn lẹ etí mọ́ ògiri, mo rí ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Awicha fi ọwọ́ pa orí Satu yípo. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló ṣe èyí? Àgùntàn ló jẹ ẹ́ ni?"

Baba wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Don Hipólito ti sọ fún gbogbo ará El Alto. Ó ní àbùkù ńlá ni. Ó wá rọra sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé ó ti ń rò láti àná: kí a sọ pé iná orí ló bo ọmọ náà, pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo gé e. Bí ìyá bá gé irun ọmọ nítorí àìsàn tàbí iná orí, a kì í kà á. Ìdì tó kù lẹ́yìn ọrùn yóò sì dúró de Don Hipólito. Òun náà ni yóò tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Awicha ní, "Òótọ́ ni, a kì í ka ti ìyá. Àmọ́ kì í ṣe ìyá ló gé e."

Baba wọn ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti dákẹ́. Ẹnu mi ni mo fi ń dákẹ́ yìí."

A fẹnu kò. Fìlà abetí ni Satu yóò máa dé títí di ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 15

Fìlà! Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, Satu á ṣí i: "Ẹ wo orí mi!" Ó ti fi han olùkọ́, ó ti fi han ẹni tó ń ra irun àgùntàn, ó ti fi han àwọn ẹran láámà. Wilma rán okùn mọ́ fìlà, ó so ó sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ní kókó mẹ́ta. Néstor tú u. Aládùúgbò fún un ní bisikíìtì kó lè rí orí náà. Orí àbúrò ẹ ni ó fi ń pawó bisikíìtì! Rubén ní ká kúkú máa gba owó ìwọlé.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo Lali, ẹ̀rín sì kú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ọjọ́ karùn-ún tí Lali kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ o. Ó ń da ẹran, ó ń tọ́jú iná, ó ń gbé Satu pọ̀n. Bí mo bá pè é á wá. Á dúró, á máa wo ilẹ̀.

Láàárọ̀ mo di irun rẹ̀ ní ìdì méjì fún ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lára rẹ̀ níbẹ̀, ó di òòyà mú, n kò mọ bí mo ṣe máa fà á. Mo di ìdì náà tán. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo tú aṣọ tí irun Satu wà nínú rẹ̀ lónìí.

Wọn kì í da irun àkọ́gé nù. N óò kó o sínú àpótí, ni mo ṣe ní kí n kọ́kọ́ ṣa èèmọ́ inú rẹ̀ kúrò. Mo jókòó sínú oòrùn lẹ́yìn ilé. Mo ṣí i.

Èèmọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ẹyọ kan kò sí.

Ìdì ìdì ni irun náà wà. Ó ti fi òòyà yà á, ó ti tú gbogbo ibi tó ta kókó, ó wá fi òwú so ìdì kọ̀ọ̀kan lórí kó tó gé e, bí àwọn bàbá-irun ti ń ṣe níwájú èrò. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlélógún. Òwú ìyeyè ni ó fi so gbogbo wọn.

Irọ́ ló pa fún mi. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ ohun tó ń ṣe láti ìdì kìíní títí dé ìkẹyìn, èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

N kò sọ fún Baba wọn. Ìwé yìí nìkan ló gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 22

Mo mú Lali dání lọ fọṣọ létí odò. Àwa méjèèjì nìkan. Omi tutù débi pé ìka wa pupa. Mo fọ ṣòkòtò Rubén tán kí n tó lè la ẹnu.

Mo ní, "Mo tú aṣọ irun yẹn."

Kò wò mí. Ó ń fi ọṣẹ pa kọ́là aṣọ iléèwé, ibì kan náà, léraléra. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e ló ni ín."

"Lali, ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ —"

"Tó bá jẹ́ pé Don Hipólito ló ni ín, á mú un lọ. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ín, mi ò ní mú un lọ síbì kankan."

Mo bi í léèrè ìdí tó fi fi ìdì kan sílẹ̀. Ó ní ìdì yẹn jẹ́ ti Don Hipólito. Ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, kò dáa kó padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí tààrà, ó bi mí pé: "Màmá, ṣé ẹ̀yin fẹ́ kó lọ ni?"

Mo ní kó mú aṣọ tó kàn wá.

Ẹnìkan kò sí níbí báyìí. Jẹ́ kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí. Rárá. N kò fẹ́ kó lọ. N kò fẹ́ láti ọjọ́ tí Baba wọn ti ìdí fóònù dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò sí tí mo fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Wọ́n ti dé. A gbúròó ọkọ̀ akẹ́rù láti òkè, gbogbo àwọn ọmọ sáré.

Don Hipólito ti sanra sí i. Ó gbé Néstor sókè, ó ní, "Kí lẹ ń bọ́ eléyìí, òkúta?" Ó mú búrẹ́dì àpò kan wá, àti ọsàn, àti bátìrì fún rédíò Rubén. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ká ní èèyàn burúkú ni, yóò rọrùn.

Benita — mo ti ń gbàdúrà kó jẹ́ agbéraga. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀. Ó mú kúbùsù kan wá tí àwòrán ẹṣin wà lára rẹ̀, ó ní òun mú un wá kí Satu lè máa fi bora níbí kí wọ́n tó lọ, kó lè mọ̀ ọ́n lára, kí bẹ́ẹ̀dì má ṣe àjèjì sí i. Ó ní wọ́n ti kun yàrá rẹ̀. Ó gbé Satu, ó fi imú sí i lọ́rùn, ó pa ojú dé. Mo mọ òórùn tó ń gbọ́ níbẹ̀: èéfín, wàrà, àgùntàn.

Ó ní, "Kí ló dé tí kì í ṣí fìlà?"

Mo ní etí ló ń dùn ún. Ó yára fi ọwọ́ bo etí náà. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 26

Iṣẹ́. Ẹran méjì ni Baba wọn pa. Wilma ń se ọbẹ̀, ó lé mi jáde nílé ìdáná èmi tí mo ni ín. Baba wọn dá mi dúró lẹ́yìn ilé: "Nieves, iná orí ni o. Ìwọ lo gé e. Ọ̀rọ̀ kan péré ni." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Nítorí ọmọ náà ni." Ó ti kọ ẹ̀yìn sí mi kó tó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27. Kàníválì

Kí n tò ó bó ṣe lọ.

Oòrùn là. Èrò kún àgbàlá, wọ́n ń da òdòdó àti bébà wẹ́wẹ́ sí ara wọn lórí. A tẹ́ aṣọ sílẹ̀, a gbé àwo sí i, a fi Satu jókòó sáàárín lórí àga kékeré, fìlà lórí. Bàtà tuntun wà níwájú rẹ̀, dúdú, ó ń dán. Wọn kò tíì wọ̀ ọ́ fún un. Don Hipólito wọ kóòtù. Ó mú àlùmọ́gàjí tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́. Ó gbàdúrà díẹ̀. Benita dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu.

Ó tú kókó mẹ́ta Wilma. Ó ṣí fìlà.

Àwọn tó ti rí orí náà tẹ́lẹ̀ ń wo ilẹ̀. Àwọn tí kò tíì rí i ní "Hàá!" Satu rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wọn.

Don Hipólito dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó wá fọwọ́ kan ìdì tó kù lẹ́yìn ọrùn. Ó yíjú sí mi, kò bínú. Ó tiẹ̀ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Iná orí ni, àbí? Ìyàwó wa, ìwọ lo gé e? Kò burú, kò burú. A kì í ka ti ìyá."

Ó ti bá mi sọ irọ́ náà tán. Bẹ́ẹ̀ ni nìkan ló kù kí n sọ. Baba wọn ń wò mí. Mo rí Benita. Mo rí bàtà. Mo wá rí Lali lẹ́nu ọgbà àgùntàn, ó ti di ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn ń retí kí wọ́n gbá a létí.

Mo ní, "Kì í ṣe èmi. Lali ló kọ́kọ́ gé e. Ìdì mọ́kànlélógún, ó so gbogbo wọn."

Ariwo sọ. Baba wọn fọwọ́ bojú. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí pariwo pé eré ọmọdé ni, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Awicha fi ọ̀pá lulẹ̀. Ó ní, "Eré wo? Nígbà tí wọ́n gé irun tìrẹ, ta ló mọ̀ pé èèyàn lo máa dà? Ẹni tó kọ́kọ́ gé e ló gé e!"

Don Hipólito gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé irun á fún ọmọ ní ẹran. Ọmọdé ni. Kí ló ní?"

Gbogbo èèyàn yíjú sẹ́nu ọgbà. Lali kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ti sá lọ.

Ìgbà tí a óò fi rí i, ó ń fi okùn fa Qinaya bọ̀ láàárín èrò. Àgùntàn náà ń kọ̀, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀, ẹ̀rù èrò ń bà á. Lali ń fà á, ó ń làágùn, ẹnìkan kò ràn án lọ́wọ́ nítorí pé gbogbo wa ti di òpó. Ó dé iwájú aṣọ. Ó fi okùn sọ́wọ́ Satu. Ó sọ̀rọ̀ tó ju gbólóhùn márùn-ún lọ, níwájú gbogbo abúlé, ọmọ mi tí kì í sọ̀rọ̀:

"Èyí ni tèmi. Òun nìkan ni mo ní. Mo fún un. Ó máa bímọ ní Oṣù Òkudù. Tí òtútù bá mú Satu, n óò fún un láṣọ. Tí ebi bá pa á, n óò pín oúnjẹ mi fún un. Mi ò ní yàrá tí wọ́n kùn. Mi ò ní mú un lọ síbì kankan."

Benita jáde. A gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Don Hipólito gbé fìlà sílẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, kóòtù rẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ìdì tó kù, ó gé e jẹ́jẹ́. Ó ní, "Èmi ni ìkejì nígbà náà." Ó gbé bàtà, ó fi bọ Satu lẹ́sẹ̀, ó so okùn rẹ̀. Bàtà náà bá a mu wẹ́kú.

Ọjọ́rú, 28. Eérú

Wọ́n ti lọ.

Mo bá Benita lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí. Ká ní mo ní ọmọ bíi Lali, n kì bá tí wá gba ọmọ ẹlòmíràn." Ó fi kúbùsù ẹlẹ́ṣin sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú un lọ, ó kọ̀. Ó ní kí Satu wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn nígbà ìsinmi, kó sì mú ìyá-irun rẹ̀ dání. Mo fún un ní ànàmọ́ tuntun tó kún aṣọ kan, èyí tí yìnyín kò rí. Kò tó nǹkan. Mo mọ̀ pé kò tó.

Baba wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ó ń tún ògiri ọgbà mọ, ó ń gbé òkúta tí ẹni méjì ń gbé. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ó wá ní, "Ẹ̀rù ló ń bà mí, Nieves. Bí yìnyín bá tún wá ńkọ́?" Mo ní a ó lu agolo. Ó rẹ́rìn-ín, kò tíì dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó pe Satu, ó gbé e sórí ògiri tuntun, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, kò fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Ẹrẹ́nà

Satu wọ bàtà dúdú wọ inú ẹrẹ̀. Ó ti tán.

Ọjọ́ Àìkú, 4

Ọjọ́ ìsàmì ẹran. Gbogbo wa nínú ọgbà, òwú lóríṣiríṣi nínú agbọ̀n Awicha, abẹ́rẹ́ ńlá lọ́wọ́ Baba wọn.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó jí, mo ti pe Lali sídìí iná. Mo fà á mọ́ra. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ yẹn, pé ó ba ayé àbúrò rẹ̀ jẹ́, irọ́ ni, kó má gbé e sọ́kàn. Mo ní, "O bi mí létí odò bóyá mo fẹ́ kó lọ. Rárá ni. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́." Ó fi orí sí àyà mi, ó ní, "Mo mọ̀, Màmá. Ẹ kò lè ká okùn yẹn tán." Okùn tí mo fi wọn ẹsẹ̀ Satu, kí n tó fi rán awakọ̀. Ó rí mi, gbogbo ìgbà tí mò ń ká a, tí mò ń tú u.

A dé orí Qinaya. Ti Satu ni báyìí, a gbọ́dọ̀ tú òwú ìyeyè kúrò, ká fi àwọ̀ tirẹ̀ sí i. Awicha gbé agbọ̀n síwájú rẹ̀: "Ọkùnrin, ìwọ náà ti ní nǹkan. Mú àwọ̀ rẹ." Ó wo pupa, ó wo àlùkò, ó wo dúdú. Néstor ń gbà á nímọ̀ràn. Ó na ọwọ́, ó mú ìyeyè.

Awicha ní ìyẹn ti ní ẹni tó ni ín, ti Lali ni. Satu ní òun mọ̀.

Wilma ní, "Satu, tí ẹ̀yin méjèèjì bá ní àwọ̀ kan náà, báwo la ṣe máa mọ ti ta ni ti ta ni?"

Ó wo Wilma bí ẹni tí kò gbọ́n. Ó ní, "Ẹ má mọ̀ ọ́n."

Baba wọn wo èmi. Èmi wo Baba wọn. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fi òwú àtijọ́ sílẹ̀ ní etí Qinaya bó ṣe wà, ó sì ní ká mú àgùntàn tó kàn wá.